Ẹ̀bọ̀lọ̀: Ẹ̀fọ́ Inú Igbó Tí A Lè Gbìn Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Jákàńdè Ẹ̀sítéètì, Ìsọlọ̀)

A mọ̀ pé ọjà ni ẹlòmíràn nínú yín ti ń bọ̀, ibi iṣẹ́ ni ẹlòmíràn ti ń bọ̀, kó tó wá jókòó síbí láti kàwé. Nítorí náà, a kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ewéko kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lónìí. Orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀bọ̀lọ̀.

Ẹnìkan lè rẹ́rìn-ín, kó ní, "Ẹ̀bọ̀lọ̀ kẹ̀? Ta ni kò mọ ẹ̀bọ̀lọ̀?" Òótọ́ ni. Ẹni tó bá dàgbà sí Oǹdó tàbí sí Èkìtì, tí ó ti fi ọbẹ̀ ẹ̀bọ̀lọ̀ jẹ iyán, kò lè gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: ta ni nínú wa ló ti gbìn ín rí? Ojú ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ ẹ̀bọ̀lọ̀. A kò mọ̀ ọ́n lójú ilẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí sí ẹ̀sítéètì yìí ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ọ́n lójú ọbẹ̀, wọn kò sì mọ̀ ọ́n lójú ilẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a ó sọ. Èkíní, irú ewéko tí ẹ̀bọ̀lọ̀ jẹ́. Èkejì, ìdí tó fi yẹ kí á máa gbìn ín fúnra wa, dípò kí á máa já èyí tó hù fúnra rẹ̀ níbikíbi. Ẹ̀kẹta, bí a ṣe ń gbìn ín nínú àpò, nínú ike, tàbí lórí ilẹ̀ kékeré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí èkejì dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìlera wà nínú rẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ DÁ Ẹ̀BỌ̀LỌ̀ MỌ̀

Ẹ̀bọ̀lọ̀ jẹ́ ewéko tí ó ń dúró ṣánṣán. Bí ilẹ̀ bá dára, ó lè ga tó ìgbàyà àgbàlagbà. Ọ̀pá rẹ̀ rọ̀, omi sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá fi ìka tọ́ ọ lára, a ó mọ̀ pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ewé rẹ̀ gùn, etí ewé náà sì rí ṣágiṣàgi bí eyín ayùn. Àwọn ewé ìsàlẹ̀ a máa ya bí ìka nígbà mìíràn. Bí a bá fi ọwọ́ ra ewé náà, òórùn rẹ̀ yóò jáde. Òórùn yẹn ni ẹni tó mọ̀ ọ́n fi ń dá a mọ̀ kódà nínú òkùnkùn.

Òdòdó rẹ̀ kò rí gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí òdòdó tí a ń gbìn fún ẹwà. Ó rí róbótó, ó gùn bí orí ìka ọmọdé, ó sì ń tẹrí ba sílẹ̀ bí ọmọ tó ń kí àgbà. Àwọ̀ ewé ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pupa bí amọ̀ bíríkì. Bí òdòdó náà bá gbó, yóò gbé orí sókè, yóò là, yóò sì di funfun bí òwú. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ẹ ó sì rí i tí ó ń fò lọ. Irúgbìn ni ó so mọ́ ìdí òwú kọ̀ọ̀kan. Irúgbìn náà kéré, ó dúdú, afẹ́fẹ́ sì ni ọkọ̀ tó ń gbé e.

Nítorí pé afẹ́fẹ́ ń gbé e, ẹ̀bọ̀lọ̀ kì í dúró de ẹni tó máa gbìn ín. Bí àgbẹ̀ bá ṣán igbó tí ó sì fi iná sí i, ẹ̀bọ̀lọ̀ wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ hù níbẹ̀. Bí a bá wó ilé, tí ilẹ̀ sì wà lásán, yóò débẹ̀. Yóò hù lẹ́bàá ògiri, yóò hù létí gọ́tà, yóò hù nínú oko kòkó. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń já a láti inú igbó láìfi ọkọ́ kan ilẹ̀ fún un.

Ẹ̀bọ̀lọ̀ ní ìbátan. Wọ̀rọ̀wọ́, tí a máa ń rí lábẹ́ igi kòkó, jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí rẹ̀. Bí a bá mọ òdòdó méjèèjì dáadáa, a ó rí i pé wọ́n jọra.

ÌRÌN-ÀJÒ Ẹ̀BỌ̀LỌ̀

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀fọ́ ara oko lásán ni. Ilẹ̀ Áfíríkà wa ni orírun ẹ̀bọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n ó ti rin ìrìn-àjò ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ní ọdún 1849, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ George Bentham kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn ewéko apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é lónìí ni Crassocephalum crepidioides. Orúkọ náà gùn, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ìtumọ̀ apá àkọ́kọ́ ni "orí kíki". Òdòdó róbótó tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ẹ̀bọ̀lọ̀ ti dé ilẹ̀ Éṣíà. Ó wà ní Japan, ó wà ní Táílàǹdì, ó wà ní Fiẹtinámù. Àwọn ará Fiẹtinámù ń jẹ ẹ́. Ṣé ẹ mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́? Ní èdè wọn, orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí "ẹ̀fọ́ ọkọ̀ òfurufú". Ó tún dé Ọsirélíà, ṣùgbọ́n èpò ni wọ́n kà á sí níbẹ̀. Ohun tí ẹnìkan ń tu sọnù ni ẹlòmíràn ń fi jẹ iyán. Bí ayé ṣe rí nìyẹn.

ÌDÍ TÍ Ó FI YẸ KÍ Á GBÌN ÍN FÚNRA WA

A ti dé ibi tó ṣe pàtàkì. Ìyá kan lè bi wá pé, "Bí ẹ̀bọ̀lọ̀ bá ń hù fúnra rẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi ní ká máa gbìn ín? Ẹni tó rí ọ̀fẹ́, kí ló fẹ́ ṣe wàhálà sí?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ méjì.

Ìdáhùn kìn-ín-ní ni ilẹ̀ tí ẹ̀bọ̀lọ̀ ń hù sí nínú ìlú. Ẹ jẹ́ ká wo àdúgbò wa. Nígbà tí Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, láti ọdún 1979 títí dé ìparí ọdún 1983, ìjọba rẹ̀ kọ́ ilé fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Lára wọn ni ẹ̀sítéètì wa yìí ní Òkè-Àfà. Bàbá náà kú ní ọdún 2021, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ilé tí à ń gbé. Ilé ni a kọ́kọ́ kọ́ síbí. Ṣọ́ọ̀bù tẹ̀lé e, ọ̀dà tẹ̀lé e, kọnkéré tẹ̀lé e. Ilẹ̀ tó kù fún ewéko kò ju etí gọ́tà, ẹ̀yìn sókáwéè, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àti etí odò ńlá Òkè-Àfà.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bọ̀lọ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀? Ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀. Omi bátìrì wà níbẹ̀. Omi ìdọ̀tí ilé wà níbẹ̀. Ewéko kì í yan ohun tí yóò mu. Ohun tó bá wà nínú ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń bá pàdé. A lè fi omi fọ eruku ojú ewé kúrò; a kò lè fọ ohun tó ti wọ inú ewé. Nítorí náà, ẹ̀bọ̀lọ̀ etí gọ́tà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó rẹ̀ wà níwájú, ilé ìwòsàn ni a ó ti san án.

Ìdáhùn kejì wà nínú ẹ̀bọ̀lọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ yìí, kò yẹ kó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Oró kan wà tí ẹ̀bọ̀lọ̀ lè ṣe sínú ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní jacobine. Irú oró yìí kan náà wà nínú ewéko olódòdó pupa-rúsúrúsú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ ẹṣin àti màlúù jẹ́ bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà. Kì í ṣe oró tí ènìyàn ń jẹ lónìí tí yóò ṣubú lulẹ̀ lọ́la. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ rántí pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Kí ló dé tí ẹ̀bọ̀lọ̀ fi ń ṣe oró? Kò lè sáré, kò ní ìwo, kò ní eyín. Bí kòkòrò bá fẹ́ jẹ ẹ́ tán, oró yìí ni ohun ìjà tó ní.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọkọ́ àti ajílẹ̀. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì tẹ ìwádìí kan jáde nípa ẹ̀bọ̀lọ̀. Wọ́n gbìn ín sí ibi tí oúnjẹ wà fún un, wọ́n sì gbìn ín sí ibi tí oúnjẹ kò tó. Oúnjẹ ewéko tí wọ́n wò ni èyí tí a ń pè ní náítírójìn. Náítírójìn yìí ni ó ń mú kí ewé tutù, kó sì dúdú minimini. Ó wà nínú ìgbẹ́ adìẹ, ó wà nínú ewé tó jẹrà, ó wà nínú ajílẹ̀ tí wọ́n ń tà nínú àpò. Kí ni wọ́n rí? Ẹ̀bọ̀lọ̀ tí ebi náítírójìn ń pa ni ó kó oró jọ sínú ara rẹ̀. Èyí tó jẹun yó, oró inú rẹ̀ kéré.

Ẹ jẹ́ ká tún un sọ, kó lè wọ̀ wá létí. Ẹ̀bọ̀lọ̀ tí ebi ń pa ń kó oró jọ. Ẹ̀bọ̀lọ̀ tó yó kì í kó o jọ púpọ̀.

Ẹ wá wò ó. Èyí tó hù sínú iyanrìn lẹ́bàá ògiri, tí ewé rẹ̀ ti pọ́n, tí ó tínínrín, tí kò sí ẹni tó fún un ní ajílẹ̀, ebi ń pa á. Èyí tí a gbìn sínú ilẹ̀dú tí a sì ń tọ́jú, ó yó. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kí á gbìn ín. Kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan, kì í ṣe nítorí owó nìkan. Bí a bá tọ́jú ewéko náà, ara tiwa náà ni a ń tọ́jú.

BÍ A ṢE Ń GBÌN ÍN

Ẹnìkan yóò sọ pé, "Mo ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ilẹ̀?" Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀bọ̀lọ̀ kò bèèrè éékà ilẹ̀. Ike ọ̀dà tó ti ṣófo tí a fọ̀ mọ́ dáadáa, àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì tí a gé orí rẹ̀, gbogbo wọn ló dára. Ẹ má lo ike tí wọ́n fi ru oògùn kòkòrò tàbí kẹ́míkà. Ẹ dá ihò sí ìdí ohun tí ẹ bá lò, kí omi lè máa jáde. Ilẹ̀ tí omi dúró sí máa ń mú kí gbòǹgbò jẹrà.

Iṣẹ́ kìn-ín-ní ni irúgbìn. Bí ẹ bá rí ẹ̀bọ̀lọ̀ tó dára, ẹ má já gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ kó gbó. Nígbà tí òdòdó rẹ̀ bá ń gbé orí sókè, tí òwú funfun sì fẹ́ yọ, ẹ fi àpò pépà bò ó lórí, kí ẹ so ó, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ gé e, kí ẹ gbọn irúgbìn náà sínú pépà. Ẹ tètè gbìn ín. Irúgbìn tuntun ló dára jù. Ẹni tí kò bá rí irúgbìn lè bẹ ẹlẹ́fọ̀ọ́ kó bá òun wá èyí tó ní ọ̀pá líle, kó gé ọ̀pá náà, kó kì í bọ ilẹ̀ tútù lábẹ́ ibòji. Yóò ta gbòǹgbò.

Iṣẹ́ kejì ni ilẹ̀. Ẹ má lọ bu ilẹ̀ létí gọ́tà. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí a sá fún náà ni ẹ tún gbé wọlé. Ẹ wá ilẹ̀dú tó mọ́. Bí ilẹ̀dú bá kún kọ́ńgò méjì, ẹ da ìgbẹ́ adìẹ kọ́ńgò kan mọ́ ọn, pẹ̀lú iyanrìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ adìẹ tó ti pẹ́, tó ti jẹrà, tí kò rùn mọ́, ni kí ẹ lò. Èyí tó ṣì tutù gbóná, yóò jó irúgbìn. Àwọn tó ń sin adìẹ máa ń fẹ́ kí ẹnìkan wá kó o kúrò fún wọn. Ẹ lọ bá wọn.

Iṣẹ́ kẹta ni gbígbìn. Àsìkò tó dára jù ni ìgbà òjò, láti oṣù kẹrin. Ẹni tó bá sì lè máa bomi rin ín lè gbìn ín nígbàkígbà. Ẹ fi omi rin ilẹ̀ náà ná. Ẹ da irúgbìn náà pọ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ, kó má baà wà lójú kan. Ẹ wọ́n ọn sójú ilẹ̀. Ẹ má bò ó jinlẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kéré, ó sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù. Ẹ kàn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ má fi garawa da omi lé e lórí, yóò ṣàn lọ. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdérí ìgò, kí ẹ máa fi wọ́n omi sí i ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ ó rí i tí ó ń yọ jáde.

Iṣẹ́ kẹrin ni títún un gbìn. Bí ó bá ti ní ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ fa àwọn tó pọ̀jù jáde jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, kí oòrùn má baà pa wọ́n. Ike ọ̀dà kan gba ẹ̀bọ̀lọ̀ kan tàbí méjì. Bí ó bá jẹ́ orí ilẹ̀, ẹ fi àyè bí ẹsẹ̀ bàtà kan sáàárín wọn. Ẹ̀bọ̀lọ̀ fẹ́ràn ibi tí oòrùn òwúrọ̀ ń dé, tí ibòji sì ń wá ní ọ̀sán. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé wa dára fún un.

Iṣẹ́ karùn-ún ni ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ máa tutù, ṣùgbọ́n kó má kún fún omi. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ bu ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, ẹ̀kúnwọ́ kan, yí ìdí rẹ̀ ká. Ẹ máa wo ojú ewé rẹ̀. Bí àwọn ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n, ó ń sọ fún yín pé, "Ebi ń pa mí." Ẹ má jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tata àti ìgbín máa ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣà wọ́n. Ohun tí a máa fi sẹ́nu ni. Ẹ má fi oògùn aáyán àti ẹ̀fọn fín in.

BÍ A ṢE Ń JÁ A ÀTI BÍ A ṢE Ń JẸ Ẹ́

Ní bí oṣù méjì lẹ́yìn tí irúgbìn bọ́ sílẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Ẹ má fà á tu. Orí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ já. Bí a bá já orí rẹ̀, yóò ya ẹ̀ka, ẹ̀ka náà yóò sì fún wa ní ewé mìíràn. Ẹ já a kó tó yọ òdòdó. Bí ó bá ti yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á dínkù, á sì le.

Fífi ìgbàanì sè é ni kí ẹ máa sè é: ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, ẹ fún un, ẹ da omi náà nù, kí ẹ tó fi sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé iná nìkan tó. Oró tí a sọ kì í kú sínú ìkòkò bí kòkòrò ṣe ń kú. Àtinú ilẹ̀ ni a ti ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Nítorí náà, kódà ẹ̀bọ̀lọ̀ tí a bọ́ yó, ẹ má jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ ẹ́ lónìí, ẹ jẹ tẹ̀tẹ̀ lọ́la, ẹ jẹ ṣọkọ lọ́tùn-únla. Ẹ̀fọ́ tí Yorùbá ní kò mọ ní ẹyọ kan. Aboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọ kékeré, àti ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dùn, ó dára kí wọ́n jìnnà sí i. A mọ̀ pé àwọn kan ń gún ewé rẹ̀, wọ́n ń mu omi rẹ̀ nítorí inú rírun. A kò ní bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àmuyó omi ewé kì í ṣe ọbẹ̀. Ẹ má fi ṣe agbo tí a ń mu ní àràárọ̀. Ẹni tí inú bá ń run fún ọjọ́ púpọ̀, kó lọ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò náà wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé irúgbìn kò mọ ààlà ilé. Bí ẹ bá ti ní irúgbìn tó tó yín, ẹ gé òdòdó tó kù kó tó di òwú. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò hù sínú ike òdòdó màmá tó ń gbé ìsàlẹ̀, ìjà ẹ̀sítéètì yóò sì bẹ̀rẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá jinná, ẹ bu díẹ̀ fún un. Ìyẹn náà jẹ́ ara ìtọ́jú ọgbà.

Ẹ FI ÌWÉ TÍ Ẹ MỌ̀ ṢE IṢẸ́

Ohun kan ló kù. Nígbà tí ẹ kò tíì mọ ìwé, orí nìkan ni ẹ fi ń pa gbogbo nǹkan mọ́. Nísinsin yìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ fi ṣe ìwé ẹ̀bọ̀lọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí irúgbìn bọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó hù. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fún un ní ajílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ já a, àti iye ìdì tí ẹ rí. Bí ẹ bá tà lára rẹ̀, ẹ kọ iye tí ẹ tà á. Ẹ kọ òótọ́ o. Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè, tó pè é ní igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Ìwé yẹn yóò sọ fún yín ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ: bí ilẹ̀ tiyín ṣe rí, àti ìgbà tí òjò tiyín ń dé. Ẹlòmíràn yóò kà á lẹ́yìn yín. Ọmọ tí kò mọ ẹ̀bọ̀lọ̀ yóò ti ibẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká tún kókó ọ̀rọ̀ wa kà pọ̀, kí kálukú fi ìka tẹ̀lé e:

1. Ẹ má já ẹ̀bọ̀lọ̀ etí gọ́tà àti ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.
2. Ẹ gbìn ín sínú ilẹ̀ tó mọ́, tó sì lọ́ràá.
3. Ẹ fún un ní ajílẹ̀. Èyí tí ebi ń pa ni ó ń kó oró jọ.
4. Ẹ já a kó tó yọ òdòdó.
5. Ẹ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹ̀fọ́ mìíràn.
6. Ẹ kọ ohun gbogbo sílẹ̀.

Tí ẹ bá dé ilé, ẹ wá ike kan tó ti ṣófo, kí ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. A ó máa retí láti rí ìwé ẹ̀bọ̀lọ̀ yín.